Ìlẹ̀kùn Bàálù Ti Tì, Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Kò Tíì Jóná

Bí bàálù bá fò lọ mọ́ arìnrìn-àjò lójú ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni àkọ́kọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí n wọlé, ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀.” Bí ẹ̀bẹ̀ náà kò bá ṣiṣẹ́, èkejì á tẹ̀ lé e: “Owó mi ti jóná nìyẹn.” Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló gba ibi tí kò yẹ. Ibi tó yẹ kí èèyàn ti gba kámú ló ti ń bẹ̀bẹ̀, ibi tó sì yẹ kó ti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ti ń gba kámú. Ìlẹ̀kùn bàálù yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ààbò ló ti ìlẹ̀kùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Àdéhùn òwò ló de owó, àdéhùn òwò sì ní òfin tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ó ní ibi tó ti le, ó ní ibi tó ti rọ̀, ó sì ní ibi tó ti jẹ́ ìrẹ́jẹ gbáà. Ẹni tó bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kó sáré sí nígbà tí wàhálà bá dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìlẹ̀kùn. Ní gáréèjì Ọ̀jọ́ta, èrò ni ọkọ̀ ń dúró dè: àfi tó bá kún ni dẹ́rẹ́bà tó máa gbéra. Àkókò tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í ṣe àkókò tí wọ́n ń retí èrò rárá. Àkókò tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni, iṣẹ́ tó sì ń ṣáájú ìyẹn pọ̀ ju ohun tí èrò ń rí lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà máa ń pa káńtà dé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú márùnlélógójì kí ọkọ̀ abẹ́lé tó gbéra. Fún ti òkè òkun, wákàtí kan ni wọ́n sábà máa ń lò. Géètì tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ náà á tún tì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ṣáájú. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n á ka iye àgbàlagbà, ọmọdé àti ìkókó tó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n á ṣírò ìwọ̀n ẹrù tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn nínú ikùn bàálù, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ epo, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí kápítéènì máa yẹ̀ wò kó tó buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ọkọ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ sáré tó kó tó lè dìde nílẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń lọ, orúkọ àwọn èrò tún gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó ń na ọwọ́ sí bàálù láti ojú fèrèsé, tó ń sọ pé “Ó ṣáà ṣì wà níbẹ̀ yẹn,” òótọ́ ló sọ, àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe lórí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ náà ti parí.

Ọ̀rọ̀ báàgì tún le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1985, bọ́ǹbù fọ́ bàálù Air India kan túútúú lókè òkun Àtìláńtíìkì, èèyàn 329 sì kú. Inú báàgì ẹnì kan tó fi ẹrù sílẹ̀ ní káńtà àmọ́ tí kò wọ ọkọ̀ ni wọ́n gbé bọ́ǹbù náà sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí bàálù Pan Am lókè ìlú Lockerbie ní Scotland. Báàgì tí olówó rẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀ ló tún fà á, èèyàn 270 ló sì bá a lọ. Látìgbà náà ni òfin ti dúró gbọn-in lágbàáyé pé bí èrò kan bá ti fi ẹrù sílẹ̀ tí kò sì yọjú ní géètì, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹrù rẹ̀ kàn nínú ikùn ọkọ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń ra lọ́fínńdà ní ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ tí wọ́n sì ń fi makirofóònù pe orúkọ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti lè wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń yẹ nọ́ńbà ara báàgì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa dá báàgì yẹn padà, owó ẹ̀yìn kò sì lè dá a padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yí ká ní pápákọ̀ tó ń sọ pé òun mọ ọ̀gá kan tó lè bá èèyàn ṣí géètì, owó tó kù lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ló fẹ́ gbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní bàálù ti dúró de àwọn ẹni ńlá rí lórílẹ̀-èdè yìí. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, àbùkù ni, kì í ṣe àwòkọ́ṣe.

Àríwísí tó lágbára jù lọ rèé, kò sì yẹ ká fojú di í: àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé fúnra wọn ni ọ̀gá nínú pípẹ́. Ẹni tó ti jókòó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ní ilé èrò MMA2 ní Ìkẹjà nítorí bàálù Àbújá, kí ló fẹ́ gbọ́ nípa ìṣẹ́jú márùn-ún? Ìròyìn tí NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún kò fi bò pé iye bàálù abẹ́lé tó ń pẹ́ kí ó tó gbéra pọ̀ jọjọ. Àmọ́ òfin ti pèsè fún ìyẹn lọ́tọ̀. Nínú Abala 19 ìlànà NCAA, bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu, kí wọ́n sì jẹ́ kó ráńṣẹ́ sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Bó bá kọjá wákàtí méjì, èrò lè ní òun ò lọ mọ́, kí wọ́n dá gbogbo owó òun padà. Bí ìdádúró náà bá wọ àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, ilé ìtura di dandan, pẹ̀lú ọkọ̀ tó máa gbé èrò lọ tó sì máa gbé e padà. Èèyàn mélòó ló ń béèrè èyí? Ariwo ni ọ̀pọ̀ ń pa ní káńtà, wọ́n á bú òṣìṣẹ́ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ nígbẹ̀yìn láìgba kọ́bọ̀. Pípẹ́ iléeṣẹ́ ní ìjìyà tirẹ̀; kò sọ pípẹ́ èrò di ẹ̀tọ́. Ewu kan tún wà nínú rẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé bàálù aago mẹ́wàá ti di aago méjìlá, èrò á padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ mìíràn á yọ, wọ́n á sún àkókò padà sí aago mọ́kànlá. Àyàfi tí iléeṣẹ́ bá kọ ọ́ ní kedere pé káńtà náà ti sún síwájú, kí èèyàn máa bá àkókò àkọ́kọ́ lọ.

Gbogbo èèyàn ló mọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀, ju pé reluwé Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2024 ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà, ẹni tó ń bọ̀ láti Agbádò tàbí Oyingbo sì lè fi sá fún títì. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pàdánù bàálù láìjẹ́ pé wọ́n pẹ́ nílé gan-an ló yẹ ká tú wò. Ọ̀kan ni ọ̀gànjọ́ òru. Bàálù òkè òkun tó ń kúrò ní Èkó lálẹ́ pọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ pé 00:25 ọjọ́ Sátidé, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni kí èèyàn wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá dé lálẹ́ Sátidé ti fi ọjọ́ kan gbáko pẹ́. Òmíràn ni ilé èrò: àwọn bàálù abẹ́lé pín sí MMA2 àti MM1 àtijọ́, ti òkè òkun náà sì ní ilé tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 yàtọ̀ sí èyí tó ti wà láti ọdún 1979. Ẹni tí takisí já sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú báàgì mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú lè lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní tiwọn: lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá, wọ́n ń yí aago padà níbẹ̀, aago Nàìjíríà kì í sì í yí. Èyí tó burú jù lójú mi ni ti nọ́ńbà fóònù. Ọwọ́ ẹ̀jẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà àti ímeèlì ẹ̀jẹ́ńtì ló sì máa ń wà lórí ìwé. Bí iléeṣẹ́ bá yí àkókò bàálù padà láti aago méjì ọ̀sán sí aago mọ́kànlá àárọ̀, fóònù ẹ̀jẹ́ńtì ló máa dún, ẹ̀jẹ́ńtì sì lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí èèyàn ní kí wọ́n fi nọ́ńbà òun gan-an sí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tó jẹ́ ìdánimọ̀ ìrìn àjò náà wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì; òun ni kó fi máa yẹ àkókò wò fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Wàyí o, ká ní gbogbo èyí ti kọjá, arìnrìn-àjò wà lórí Third Mainland Bridge, ọkọ̀ kò lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn, ó sì ti hàn gbangba pé kò ní bá káńtà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀ nípa dídákẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó sọ kí ọkọ̀ tó gbéra pé òun kò ní lè wá yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí wọ́n retí títí tí kò yọjú. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ oníbàárà tó fẹ́ yí ọjọ́ padà: wọ́n á gba owó ìyípadà, wọ́n á sì ní kó san àlékún bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tuntun bá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kejì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yọjú, owó ìtanràn tirẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ níbi púpọ̀. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù lọ, ó lè má rí nǹkan kan gbà padà rárá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ó pè láti inú ọkọ̀. Bí ìpè kò bá wọlé, kó lo áàpù tàbí ojú ewé ìyípadà ìrìn àjò, kó sì tún kọ ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn, nítorí àkókò tó ráńṣẹ́ á hàn lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè jiyàn pé kò sọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ńtì ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ máa ń ní kí èèyàn padà sọ́dọ̀ rẹ̀; nítorí náà, ọjọ́ tí èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kó ti béèrè nọ́ńbà tí ẹ̀jẹ́ńtì máa gbé lóru àti lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀jẹ́ńtì tí kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá tilẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà rọjú ju ti ẹlòmíràn lọ, ó wọ́n.

Ohun tó tún ń dun èèyàn ju owó ìtanràn lọ ni tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀. Ká sọ pé ẹnì kan ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó pàdánù àlọ, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wá owó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ mìíràn lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ míì, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dé pápákọ̀ Heathrow láti padà sílé, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Wọn kò purọ́. Ìlànà ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni pé bí èèyàn kò bá lo apá kìíní tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo apá tó kù ti parẹ́. Ìdí tí wọ́n ń fún wa ni pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ máa ń rọjú ju àlọ nìkan lọ nígbà mìíràn, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á sì máa ra méjì kí wọ́n lè lo ìdajì. Mo gbà pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà wà. Àmọ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Berger ní Èkó kò lo ọgbọ́n kankan. Ó ti sanwó àbọ̀ rẹ̀ pé pérépéré, ó sì fẹ́ lò ó. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún ẹjọ́ aráàlú ní Jámánì dá a lẹ́jọ́ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò tọ́ bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé ó ń fìyà jẹ ẹni tí ètò rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin tó dá àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sílẹ̀ lọ́dún 2018 sọ ní abala 120 pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti bá wọn ṣètò ṣáájú, kí olówò sì gba iye tó bójú mu nítorí ìfagilé náà. Iye tó bójú mu ni òfin sọ. Mi ò rí bí gbígbé àbọ̀ tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀ mì káló ṣe lè bójú mu. Ṣùgbọ́n kí ọ̀ràn tó dé kóòtù, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹni tó pàdánù àlọ kọ̀wé lójú ẹsẹ̀ pé òun ṣì máa lo àbọ̀, kó sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Àwọn iléeṣẹ́ kan á gbà, àwọn míì á ní kó san àlékún. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó sàn ju kí ó lọ mọ̀ ní Heathrow.

Àwọn tó ń gbèjà iléeṣẹ́ máa ń sọ pé ìjókòó tó lọ lófìfo kò ṣeé tà lọ́la, bí tòmátì tó ti rà lọ́jà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù lọ, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé owó rẹ̀ kò ṣeé dá padà, kò lè ní kí wọ́n fún òun ní gbogbo owó náà. Ewu yẹn ló jẹ́ kó rọjú. Ṣùgbọ́n gbogbo owó tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ti ìjókòó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó dáadáa, níbi tí wọ́n ti to owó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí lẹ́tà GB, ìyẹn owó orí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí èrò tó bá kúrò nílẹ̀ wọn. Ẹ máa rí UB, owó iṣẹ́ pápákọ̀ wọn. Èrò tó fò nìkan ni wọ́n ń san owó orí yẹn lé lórí. Bí èèyàn kò bá fò, iléeṣẹ́ kò ní san án fún ìjọba. Ta ló wá ni owó náà? Èrò ló ni ín. Bákan náà, owó iṣẹ́ pápákọ̀ tí wọ́n ń gbà fún wíwọ ọkọ̀ ní Nàìjíríà, mi ò rí ìdí tí iléeṣẹ́ fi máa fi pamọ́ lórí ẹni tí kò wọ ọkọ̀. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun, irú owó báyìí lè pọ̀ débi tí ó fi ju ìdajì owó ìjókòó gan-an lọ. Iléeṣẹ́ kì í sábà fi tinútinú dá a padà. Wọ́n ń retí kí èrò kọ̀wé béèrè, àwọn míì sì ń yọ owó iṣẹ́ nínú rẹ̀. Béèrè rẹ̀ kò gbà ju ímeèlì kan lọ: orúkọ, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oníníye mẹ́tàlá, àti gbólóhùn kan pé mi ò fò, ẹ dá owó orí àti owó pápákọ̀ mi padà.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Bó bá jẹ́ pé bàálù kan ló mú kí èèyàn pàdánù bàálù kejì, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan láti Àkúrẹ́ tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè ra Àkúrẹ́ sí Èkó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ abẹ́lé, kó ra Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, kó sì fi wákàtí mẹ́ta sáàárín. Ọyẹ́ á bolẹ̀ lóṣù kìíní, awakọ̀ kò ní ríran, bàálù Àkúrẹ́ á pẹ́. Iléeṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kò mọ Àkúrẹ́. Èrò tí kò yọjú ni wọ́n máa pè é. Iléeṣẹ́ Àkúrẹ́ kò mọ Lọ́ńdọ̀nù. Èkó ni wọ́n ṣèlérí, wọ́n sì gbé e dé Èkó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gba Èkó lọ sí Párísì lọ sí Atlanta, ẹni tó ta á ló jẹ èrò ní gbèsè Atlanta: bí apá kìíní bá pẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá bàálù mìíràn fún èrò láìgba owó kún un. Òfin 261 ti ọdún 2004 tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tún lọ síwájú ju ìyẹn. Nínú ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ wọn dá ní oṣù kejì ọdún 2013, arìnrìn-àjò kan ń lọ láti Bremen sí Asunción, ó gba Párísì àti São Paulo kọjá. Apá kìíní pẹ́ ní ìwọ̀nba, ó pàdánù àwọn tó kù, ó sì dé ní nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá lẹ́yìn àkókò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní àkókò tó dé ibi tó ń lọ gan-an ni wọ́n máa wò, kì í ṣe bí apá kìíní ṣe pẹ́ sí. Bó bá ti tó wákàtí mẹ́ta, owó gbà-má-bìínú ti wọlé, bí kò bá jẹ́ ohun tó ju agbára iléeṣẹ́ lọ ló fà á. Lórí ìrìn àjò tó jìn bíi ti Èkó, ó lè tó 600 yúrò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì ń lo òfin náà lẹ́yìn tó kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan náà sì kọ tirẹ̀ sí 520 pọ́n-ùn. Ààlà kan wà tó yẹ kí a mọ̀. Gbogbo bàálù tó bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ni òfin Gẹ̀ẹ́sì dé lórí, títí kan ti Air Peace, iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní oṣù kẹta ọdún 2024; àmọ́ iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó bá gbéra ní Èkó, NCAA ni kí èèyàn lọ bá.

Ibì kan wà tí ìwé òfin àti ìwé ìrìnnà wa ti ń kọlu ara wọn. Bí arìnrìn-àjò bá pàdánù bàálù kejì ní Frankfurt lálẹ́, òfin 261 ní kí iléeṣẹ́ gbé e lọ sí ilé ìtura. Ilé ìtura yẹn sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹnubodè. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè gba pápákọ̀ orílẹ̀-èdè Schengen kọjá lásán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n jáde. Àwọn kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tí àkókò rẹ̀ kò tíì pé, àmọ́ inú pápákọ̀ níbẹ̀ ni ìyọ̀ǹda yẹn mọ. Orí àga onírin ni wọ́n máa sùn nígbà tí ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Jámánì bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, owó kan náà ni wọ́n sì san. Fún ìdí yìí, bí ọmọ Nàìjíríà bá ń yan ibi tó máa gbà kọjá, wákàtí kan àbọ̀ láàárín bàálù méjì kéré, bí kọ̀ǹpútà tó tà á bá tilẹ̀ sọ pé ó tó. Kó wá èyí tó fún un ní wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ti há síbẹ̀ kó béèrè owó oúnjẹ àti àkọsílẹ̀ pé wọn kò lè fún òun nílé ìtura, nítorí ẹ̀tọ́ tí wọn kò lè ṣe fún un kò tíì kúrò ní ẹ̀tọ́.

Ti adójútòfò kò gùn. Ẹni tó gba físà Schengen ti ra ìwé adójútòfò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí ó bá ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ kò sì kà á kọjá ojú ewé kìíní. Àwọn míì nínú rẹ̀ máa ń san owó fún ẹni tó pàdánù bàálù, àmọ́ jàǹbá ọkọ̀, ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí ọkọ̀ èrò tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n á tún béèrè ẹ̀rí: ìwé mẹkáníìkì, tàbí ìwé ọlọ́pàá.

Ẹ̀rí náà ló ń gbani lọ́nà mìíràn tó jọ èyí. Nígbà mìíràn, èrò dé lásìkò, iléeṣẹ́ ti ta ìjókòó ju iye tí ọkọ̀ ní lọ, wọ́n á sì sọ fún un pé ó pẹ́. Èyí kì í ṣe pípàdánù bàálù. Wọ́n lé e kúrò lórí ọkọ̀ ni, owó gbà-má-bìínú sì wà fún un lábẹ́ Abala 19. Fọ́tò ìlà tó wà níwájú káńtà, tí aago fóònù hàn lára rẹ̀, lè yanjú àríyànjiyàn tí ariwo wákàtí méjì kò lè yanjú. Àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní tábìlì tiwọn nínú àwọn pápákọ̀ ńláńlá. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí èèyàn gbà, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó dá a dúró lọ́wọ́, kó sì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà.

NCAA ti ṣe dáadáa lórí ọ̀rọ̀ bàálù tó pẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ èrò tó pẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ sọ́wọ́ àdéhùn tí iléeṣẹ́ fúnra wọn kọ. Ohun méjì ló yẹ kí wọ́n fi kún Abala 19: pé ẹni tó bá sọ pé òun kò lè wá kí ọkọ̀ tó gbéra, wọn kò gbọ́dọ̀ fagi lé àbọ̀ rẹ̀, àti pé owó tí wọ́n gbà lórúkọ ìjọba tàbí pápákọ̀ fún ẹni tí kò fò gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè. Kò sí èyí tó kan ìlẹ̀kùn bàálù nínú méjèèjì. Títí tí wọ́n á fi ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò yọjú sí lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà sínú fóònù yín.